Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹ́ẹ̀tì Ampilifáyà Inú Mọ́tò

Àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lórí owó orí àti ìwé ìgbélùú máa ń mú ẹjọ́ mìíràn tì í. Èyí tó ń wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, àti àwọn àgbà tó fẹ́ràn fújì pàápàá, ni ti ampilifáyà tí wọ́n so sí búùtù mọ́tò. Wọn á ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo ná sí i kò kéré, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí agbọ́n. Bí mọ́tò bá ṣe ń sáré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn yẹn ń lọ sókè."

Kí ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Masse.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, n kì í ṣe rẹwáyà, ṣùgbọ́n iná bátìrì àti ìwé owó jọra: ohun tó bá jáde lápá kan gbọ́dọ̀ wọlé lápá kejì. Iná ń jáde láti orí (+) bátìrì, ó ń gba wáyà pupa lọ sí ampilifáyà, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí orí (−). Irin ara mọ́tò ló máa ń gbà padà. Ibi tí wáyà ampilifáyà ti kan irin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ampilifáyà ń fa 40 ámpíà. Bí ojú ibi tí ẹ ti dè é bá ní ìdènà 0.05 ómù péré, nítorí ọ̀dà tàbí ìpẹtà, fóltì 2 ti ṣòfò níbẹ̀. Fóltì 2 yẹn lọ́nà 40 jẹ́ ooru 80 wáàtì lórí bóòtù kan ṣoṣo. Gílóòbù iná iwájú mọ́tò tó wọ́pọ̀, 55 wáàtì ni. Ẹ rò ó wò, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù! Ọ̀pọ̀ wa ló sì jẹ́ pé Haftpflicht nìkan la ní. Haftpflicht kì í san owó mọ́tò tiyín tó bá jóná. Teilkasko ló ń san ìyẹn. Ẹ lọ wo ìwé yín.

Ariwo yẹn ńkọ́? Rédíò iwájú ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ampilifáyà ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Bí tẹ̀yìn kò bá dára, iná á wá ọ̀nà àbùjá, á gba ara wáyà tó ń gbé ohùn wá láti rédíò, tí wọ́n ń pè ní Cinch níbí. Wáyà yẹn ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ariwo alternator tó ń fi iná sí bátìrì lẹ ń gbọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀lé eré ẹ́ńjìnì. Bó bá pẹ́, ó lè ba rédíò jẹ́ pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ tú orí (−) bátìrì. Mọ́tò tó ti pẹ́ lè béèrè kóòdù rédíò lẹ́yìn èyí, nítorí náà ẹ wá kóòdù sílẹ̀. Ẹ wá irin tó nípọn nítòsí ampilifáyà, kí wáyà má ju nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ má lo bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó láé. Ẹ̀mí èèyàn ló so mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò tuntun, ẹ yọjú wo abẹ́ mọ́tò ná, táǹkì epo lè wà níbẹ̀. Wàyí o, ẹ fi sánpépà ha ọ̀dà títí irin á fi máa dán. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣe ọ̀lẹ. Wọn á de bóòtù lé ọ̀dà lórí, wọ́n á ní ó ti le. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í gbé iná kọjá. Ẹ lo orí wáyà onírìngì tí wọ́n tẹ̀ pa dáadáa, pẹ̀lú wọ́sà eléyín, kí ẹ sì fún un le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi gíríìsì bò ó lókè, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù.

Kí wáyà ẹ́ẹ̀tì nípọn tó wáyà pupa: bí pupa bá jẹ́ 16 mm², kí òun náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Yálà ẹ rà á láàárín ọjà àlòkù ní Billstraße ni o, yálà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ wo ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ CCA sí i, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Kò lè gbé iná tó ti bàbà gidi, ẹ ra èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ àwọ̀ wáyà pẹ̀lú. Lára ampilifáyà, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́. Nínú mọ́tò Jámánì, àwọ̀ ilẹ̀ ni, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 31. Ti fíùsì kò gùn: orí wáyà pupa ló ń wà, nítòsí bátìrì, kó má ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Nínú mọ́tò ìgbàlódé, ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà lórí (−) bátìrì tó ń ka iná tó ń wọlé tó ń jáde. Bí ẹ bá de ẹ́ẹ̀tì mọ́ orí bátìrì gan-an, ìnáwó yẹn ò ní wọ ìwé. Irin ara mọ́tò ni kí ẹ dè é mọ́.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ tan orin sókè, kí ẹ fi mítà wo fóltì láàárín (−) ampilifáyà àti (−) bátìrì. Bó bá wà lábẹ́ 0.2, ó dára. Bó bá ju 0.5 lọ, ẹ padà lọ ha irin. Bí ẹ́ẹ̀tì bá dára tó ṣì ń kùn, ẹ wò bóyá Cinch àti wáyà pupa jọ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ yà wọ́n, kí ọ̀kan gba ọ̀tún, kí èkejì gba òsì.