Ìṣọ́-Ẹni àti Ìṣọ́-Àyè Nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

1. Ìfáárà
Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí James Naismith dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1891, jẹ́ eré ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà méjì tí ẹgbẹ́ lè gbà dáàbò bo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì dábàá orúkọ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi kọ́ni láìsí ìdàrúdàpọ̀.

2. Oríkì àwọn ọ̀rọ̀
Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣọ́ lè gba ènìyàn tàbí ibi gẹ́gẹ́ bí àbọ̀: ìyá a máa ṣọ́ ọmọ, ọlọ́dẹ a máa ṣọ́ àdúgbò. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàrin ọ̀nà méjèèjì.

(a) Ìṣọ́-ẹni: agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé alátakò kan pàtó níbikíbi tí ó bá rìn dé.

(b) Ìṣọ́-àyè: àwọn márààrún pín iwájú apẹ̀rẹ̀ láàrin ara wọn, alátakò tí ó bá wọ àyè ẹnì kan di ẹrù onítọ̀hún. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni méjì-mẹ́ta: ẹni méjì níwájú, ẹni mẹ́ta nítòsí apẹ̀rẹ̀.

A yan àyè dípò ilẹ̀ nítorí pé ojú kan ni ilẹ̀ máa ń wà. Agbábọ́ọ̀lù tí a bá ní kí ó ṣọ́ ilẹ̀ yóò dúró bí òpó. Àyè, ní tirẹ̀, a máa ṣí, ó sì ṣeé dí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, àwọn márààrún gbọ́dọ̀ sún pọ̀ láti dí àyè tuntun tí ó ṣí.

3. Àǹfààní rẹ̀
Ìṣọ́-ẹni sọ eré di ìjàkadì márùn-ún. Ẹni tí ó lọ́ra yóò dá kojú ẹni tí ó yára. Nínú ìṣọ́-àyè, alátakò tí ó bá kọjá ẹnì kan yóò tún bá ẹlòmíràn níwájú, ẹni gíga kò sì ní fi itòsí apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjù láti òkèèrè ni ó sábà máa ń kù fún alátakò.

Ọdún 2001 ni ìdíje NBA gba ìṣọ́-àyè láàyè. Ní 2023, Miami Heat, tí ó wà ní ipò kẹjọ ní ìhà ìlà-oòrùn, lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n fi 103 sí 84 borí Boston nínú eré keje. Ìgbà 42 ni Boston jù ú láti òkèèrè. 9 péré ni ó wọlé. Ìṣọ́ nìkan kọ́ ni ó fà á: ọrùn-ẹsẹ̀ Jayson Tatum ti Boston rọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré.

4. Àléébù rẹ̀
Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù láti òkèèrè lè tú u ká. Bí bọ́ọ̀lù bá ta padà lára apẹ̀rẹ̀, kò sí alátakò pàtó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ara dí lọ́nà. Bákan náà, ẹni gíga tí ó mọ bọ́ọ̀lù pín lè dúró sáàrin ìṣọ́ náà kí ó máa pín in. Denver, ẹgbẹ́ Nikola Jokić tí ó ní ẹ̀bùn yìí, borí Miami lẹ́ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀kan nínú àṣekágbá ọdún náà.

5. Ìkádìí
Ìṣọ́-àyè kò sọ aláìlágbára di alágbára. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí aláìlágbára dá nìkan kojú alágbára. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò fi kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹnu mọ́ sísún pọ̀, kí ó tó pín àyè fún ẹnikẹ́ni.