Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan láti Rómù: Ẹ Ka Wákàtí Kí Ẹ Tó Ka Ìlú



Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì pọ̀ yóò pòfo. Òwe yìí kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Ó jẹ́ ti arìnrìnàjò pẹ̀lú, pàápàá ẹni tí ó ti fi owó pamọ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí Rómù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti gbàdúrà tán ní ibojì Pétérù Mímọ́, ọkàn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí fà sí àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ítálì: Assisi, Orvieto, Florence, Naples. Ọkọ̀ ojú irin ń dé gbogbo wọn. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: ìlú mélòó ni ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀, kí ó sì padà wá sùn sí Rómù ní alẹ́ ọjọ́ kan náà? Ìdáhùn wa kò gùn: ìlú kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

Èkíní: Ẹ ka wákàtí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Ìwé àkókò ọkọ̀ yóò sọ fún yín pé ọkọ̀ ayára ń gba nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ láti Rómù dé Florence, àti wákàtí kan ó lé díẹ̀ dé Naples. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò ka àkókò tí ẹ ó fi kúrò ní ilé tí ẹ wọ̀ sí títí ẹ ó fi dé Roma Termini, ibùdókọ̀ ńlá Rómù. Kò ka àkókò tí ẹ ó fi wá ojú irin tí ọkọ̀ yín wà. Kò sì ka èyí tí ẹ ó fi kúrò ní ibùdókọ̀ ìlú kejì dé ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Ẹ fi wákàtí kan kún àlọ, kí ẹ sì fi òmíràn kún àbọ̀.

Bí a bá kà á báyìí, Venice yóò fi ara rẹ̀ hàn bí ó ti rí. Ọkọ̀ ayára pàápàá ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin láti Rómù dé ibẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá ni ẹ ó lò ní ojú ọ̀nà nítorí ìlú tí ẹ kò ní ráyè wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Venice, kí ó lọ sùn níbẹ̀. Bí àlọ nínú ọkọ̀ nìkan bá ti ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, kì í ṣe ìrìnàjò ọjọ́ kan mọ́.

Èkejì: Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán ilẹ̀ tàn yín jẹ.

Orvieto àti Assisi wà ní agbègbè kan náà tí à ń pè ní Umbria. Lójú àwòrán ilẹ̀, ó dàbí ẹni pé a lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í gba ojú òfuurufú. Bí ọ̀nà irin ti ń jáde láti Rómù, ní Orte ni ó ti pínyà: ọ̀kan lọ sí Orvieto àti Florence, èkejì yà sí Foligno, níbi tí a ti ń lọ sí Assisi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí méjèèjì ní ọjọ́ kan yóò máa yí káàkiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Orvieto nìkan tó fún ọjọ́ kan tí a kò fẹ́ kánjú. Ọkọ̀ agbègbè ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ tàbí kí ó dín díẹ̀. Orí àpáta gíga ni ìlú náà wà, ibùdókọ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré kan tí okùn irin ń fà gun òkè wà ní iwájú ibùdókọ̀ gan-an. Ní ìlú yìí ni Póòpù Urban Kẹrin ti pa á láṣẹ ní ọdún 1264 pé kí gbogbo Ìjọ máa ṣe àjọ̀dún Ara Kristi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kàtídírà ńlá rẹ̀ ní ọdún 1290.

Ẹ kíyè sí orúkọ ibùdókọ̀ pẹ̀lú. Ní Pompei, ibùdókọ̀ tí ó sún mọ́ ahoro ìlú tí òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 kì í ṣe èyí tí ó sún mọ́ ilé àdúrà Ìyá Wa ti Rósárì. Pompei Scavi ni ti àkọ́kọ́, Pompei Santuario sì ni ti èkejì.

Ẹ̀kẹta: Ẹ gbé ìrìnàjò lé agbára ẹni tí ó rẹ̀ jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ní ẹ̀yin àti ìyá yín ni ẹ jọ ń lọ sí Assisi. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń fẹ́ kúnlẹ̀ ní ibojì Fránsísì Mímọ́. Ẹ jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ní aago méje ààbọ̀. Ìrìnàjò náà lé ní wákàtí méjì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìpààrọ̀ ọkọ̀ ní Foligno. Ibùdókọ̀ kò sí nínú ìlú. Ìsàlẹ̀ ni ó wà, bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín gun òkè. Ó ti di aago mẹ́wàá kọjá kí ẹ tó dé ilé ìsìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1228, àtẹ̀gùn ni a sì ń bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibojì náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá kúnlẹ̀ títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ bá bọ́ọ̀sì padà sí ìsàlẹ̀, sí Santa Maria degli Angeli, níbi tí ilé àdúrà kékeré Porziuncola wà. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Fránsísì Mímọ́ kú sí ní ọdún 1226. Ó sún mọ́ ibùdókọ̀ tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tí ìyá yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni àwọn aago wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ kà wọ́n: wákàtí mẹ́rìnlá níta, ilé ìsìn méjì péré. Ẹni tí ó bá fi ìlú kejì kún un, orí àtẹ̀gùn ibojì ni yóò ti máa wí fún ìyá rẹ̀ pé, “Ẹ dákun, ẹ dìde, ọkọ̀ ń lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ ní ẹnu ọmọ.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ mọ òfin tíkẹ́ẹ̀tì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ayára ní ìjókòó àti àkókò tirẹ̀. Bí a bá tètè rà á, owó rẹ̀ a máa dín. Ti ọkọ̀ agbègbè kì í ní ìjókòó pàtó, iye rẹ̀ kì í sì í yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti bébà, ẹ gbọ́dọ̀ fi í sínú ẹ̀rọ tí ń lù ú ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé lè san owó ìtanràn. Lórí pátákó, Partenze ni àwọn ọkọ̀ tí ń lọ, Binario ni nọ́ńbà ojú irin, Ritardo sì ni ìpẹ́. Orúkọ ìlú tí ọkọ̀ ń parí sí ni pátákó ń fi hàn, nítorí náà nọ́ńbà ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò. Aago mẹ́tàdínlógún ní ọ̀dọ̀ wọn ni aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ ronú àbọ̀ ṣáájú àlọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Rómù, ẹ kọ àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn sí bébà, kí ẹ sì pinnu láti wọ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, òmíràn yóò kù. Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ kì í pọ̀ tó ti ọjọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà sciopero, ìyanṣẹ́lódì ni. A máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ iṣẹ́ a sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ agbègbè kan rìn láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àti láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ mú bébà kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ orúkọ ìlú tí ọkàn yín fà sí jù lọ. Ẹ kọ ọ̀kan sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín fún ìsinmi. Ìlú tí kò bá rí àyè níbẹ̀, kí ó dúró de ìrìnàjò mìíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.