Bí Scrum àti Kanban Ṣe Ń Bára Wọn Ṣiṣẹ́



Scrum àti Kanban jẹ́ ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà. Àkókò ni Scrum fi ń ṣètò iṣẹ́. Iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni Kanban ń ṣọ́. Nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣọ́ yàtọ̀ síra, ikọ̀ kan náà lè lo méjèèjì láìjẹ́ pé ọ̀kan lé èkejì jáde. Àwọn tí pípa wọ́n pọ̀ kì í bọ́ sí i fún sábà máa ń jẹ́ àwọn tó ṣa èyí tó rọrùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi èyí tó le sílẹ̀.

Inú eré rugby ni orúkọ Scrum ti wá. Lọ́dún 1986, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ará Japan, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Harvard Business Review nípa bí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Honda, Canon àti Fuji-Xerox ṣe ń ṣe ọjà tuntun. Wọ́n ní àwọn ikọ̀ ibẹ̀ kì í dúró de ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Bíi nínú rugby, wọ́n jọ ń gbé bọ́ọ̀lù lọ ni. Jeff Sutherland mú èrò náà wọ iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní ilé-iṣẹ́ Easel lọ́dún 1993. Ní 1995, òun àti Ken Schwaber ṣàlàyé rẹ̀ níbi àpérò OOPSLA ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas.

Ìlànà rẹ̀ kò pọ̀. Sprint ni wọ́n ń pín iṣẹ́ sí, sprint kan kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń lò. Ìpàdé ìṣètò ló ń ṣí i, níbi tí ikọ̀ ti máa sọ ohun pàtó tó fẹ́ kó ti wà nílẹ̀ nígbà tí sprint bá parí. Lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń wo ibi tí iṣẹ́ dé. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á fi iṣẹ́ han àwọn tó máa lò ó, lẹ́yìn náà ikọ̀ á ṣe ìpàdé ìyẹ̀wò, níbi tó ti ń yẹ ara rẹ̀ wò. Product Owner ló ń pinnu ohun tó yẹ kó ṣáájú, Scrum Master ló ń rí i pé ìlànà ń lọ bó ṣe yẹ, àwọn yòókù ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Gbogbo wọn kì í sábà ju 10 lọ.

Ohun kan wà tí Scrum kò pa láṣẹ: iye iṣẹ́ tí ikọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú sprint. Ibẹ̀ ni wàhálà ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, lórí bọ́ọ̀dù tí káàdì kọ̀ọ̀kan ti dúró fún iṣẹ́ kan, káàdì kò sí lábẹ́ “Ó kù” mọ́, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ “À ń ṣe é”, inú olúkúlùkù sì ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò tíì sí èyí tó parí. Bí télọ̀ tó gé aṣọ ogún oníbàárà sílẹ̀ nígbà tí ọdún kù fẹ́ẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí: ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wọ ẹyọ kan jáde.

Kanban ló ń wo àìsàn yìí. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Taiichi Ohno sì ni orúkọ tó so mọ́ ọn jù lọ. Súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n: ìgbà tí oníbàárà bá mú ọjà kúrò lórí pẹpẹ ni wọ́n ń gbé òmíràn síbẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Ohno ní kí ẹ̀ka tó fẹ́ lo nǹkan máa fi káàdì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ohun tí a kò béèrè jọ.

Ẹni tó mú un wọ ọ́fíìsì àwọn oníkọ̀ǹpútà ni David J. Anderson, ìtàn ikọ̀ kan ní Microsoft sì ni àpẹẹrẹ tó kọ́kọ́ gbayì. Hyderabad ní Íńdíà ni ikọ̀ náà wà, àtúnṣe sí àwọn sọ́fítíwíà tí Microsoft ń lò nínú ilé sì ni iṣẹ́ wọn. Ní 2004, ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ lè dúró tó nǹkan bí oṣù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé àfojúdá ló ń jẹ wọ́n lákòókò: gbogbo ìbéèrè tuntun tó bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ á pa èyí tó wà lọ́wọ́ tì láti ṣírò iye ọjọ́ tí tuntun máa gbà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣírò bẹ́ẹ̀ kò sì ní di ṣíṣe láéláé. Wọ́n fi àfojúdá sílẹ̀, wọ́n fi gbèdéke sí iye iṣẹ́ tó lè wà níwájú àwọn akọ̀wé kóòdù àti àwọn tó ń dán an wò, wọn kò sì gba òmíràn wọlé àfi tí àyè bá ṣí. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, oṣù márùn-ún ti di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Anderson kò tíì máa pe ohun tó ṣe níbẹ̀ ní Kanban nígbà náà. Ìwé rẹ̀ tó sọ orúkọ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jáde ní 2010.

Ìṣirò tó wà lẹ́yìn èyí kò ṣòro. Lọ́dún 1961, John Little fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé bí iṣẹ́ bá ń wọlé tó sì ń jáde déédéé, iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, tí a bá fi iye tó ń parí lọ́sẹ̀ pín in, ni iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kan ń lò nínú ilé. Ikọ̀ tó ní káàdì 12 lọ́wọ́, tó ń parí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni káàdì kan máa lò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dín in kù sí mẹ́fà, tí iye tó ń parí kò sì yí padà, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí a bá fi èyí sínú Scrum, ojú bọ́ọ̀dù ló ti kọ́kọ́ ń hàn. Ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà kan lè ní òpó mẹ́rin: “Ó kù”, “À ń kọ ọ́”, “À ń dán an wò”, “Ó parí”. Wọ́n kọ 4 sórí òpó kejì, wọ́n kọ 3 sórí ẹ̀kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́rú, ọ̀kan nínú wọn kọ kóòdù rẹ̀ tán. Kò lè ti káàdì náà síwájú, nítorí mẹ́ta ti wà níbi ìdánwò. Kò sì lè mú tuntun, nítorí òpó tirẹ̀ náà ti kún. Ohun tó kù fún un ni kó lọ jókòó ti ẹni tó ń dán kóòdù wò, kó sì bi í pé kí ló ń dí i lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ àkáǹtì ìdánwò kan tí kò ṣí láti àná. Wọ́n jọ tún un ṣe, káàdì kan kọjá sí “Ó parí” kí ọ̀sán tó pọ́n, àyè ṣí. Ọ̀gá tó bá rí ẹni náà ní ìdúró lè fẹ́ wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdúró yẹn ló tú àṣírí ibi tí iṣẹ́ ti ń há.

Ìpàdé ìṣẹ́jú 15 náà á yí padà. Dípò kí olúkúlùkù máa ròyìn ohun tó ṣe lánàá, káàdì ni wọn yóò máa yẹ̀ wò láti apá ọ̀tún bọ́ọ̀dù wá sí òsì, nítorí èyí tó sún mọ́ ìparí jù ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ tí káàdì ti lò yẹ kó hàn lára rẹ̀. Láti mọ èyí tó ń pẹ́ jù, ikọ̀ lè kó káàdì 20 tó parí kẹ́yìn, kó tò wọ́n láti èyí tó yá jù dé èyí tó pẹ́ jù, kó sì wo ẹ̀kẹtàdínlógún. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 8 ni tirẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ń parí láàárín ọjọ́ 8. Káàdì tó bá pé ọjọ́ 6 tí kò tíì dé ibi ìdánwò ti di ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn nọ́ńbà yìí wúlò níbi ìṣètò sprint ju àríyànjiyàn lórí bí iṣẹ́ kan ṣe tóbi tó lọ: ikọ̀ tó ti mọ̀ pé òun ń parí bíi mẹ́wàá ní sprint kan kò ní láti gba ogún.

Iṣẹ́ pàjáwìrì, bí ojú-òpó oníbàárà tó dédé kú, kì í dúró de sprint tó ń bọ̀. Ìlà tirẹ̀ ló yẹ kó ní lórí bọ́ọ̀dù, kí káàdì tó wà níbẹ̀ má ju ẹyọ kan lọ. Bí ìlà náà kò bá ṣófo rí láti sprint kan dé òmíràn, ọ̀rọ̀ kò sí lára bọ́ọ̀dù mọ́. Sọ́fítíwíà náà ló nílò ìtọ́jú, Product Owner ló sì yẹ kó fi í sí iwájú.

Corey Ladas, tó bá Anderson ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Corbis, ló sọ àpapọ̀ méjèèjì ní Scrumban ní nǹkan bí ọdún 2008. Ní 2018, àjọ Scrum.org náà gbé ìwé ìtọ́nà jáde fún àwọn ikọ̀ Scrum tó fẹ́ lo Kanban, ìwé náà kò sì yọ ohunkóhun kúrò nínú Scrum. Èyí yẹ ní kíkíyèsí, nítorí àwọn kan ń pe ara wọn ní Scrumban nígbà tó jẹ́ pé ìpàdé ìyẹ̀wò ni wọ́n ti pa tì, tí wọn kò sì kọ nọ́ńbà kankan sórí òpó. Ìyẹn kì í ṣe Scrum, kì í sì í ṣe Kanban. Ikọ̀ tí ìbéèrè ń bá lójijì látàárọ̀ dalẹ́, bí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, lè yọwọ́ nínú sprint pátápátá kó lo Kanban nìkan, ṣùgbọ́n ìpàdé ìyẹ̀wò kò yẹ kó kúrò níbẹ̀ náà.

Ó sàn kí àyípadà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní sprint àkọ́kọ́, kí bọ́ọ̀dù kàn fi iṣẹ́ hàn bó ṣe ń lọ gan-an, títí kan ibi tí káàdì ti ń dúró de ẹlòmíràn. Ní ìkejì, kí gbèdéke jẹ́ iye tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ta kò ó. Lẹ́yìn náà ni kí ikọ̀ máa yọ ọ̀kan kúrò níbi ìpàdé ìyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kó sì máa wò bóyá káàdì ń yára jáde. Níbi tí dídín in kù kò bá ti mú nǹkan yára mọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ kàn ń jókòó láìrí ohun tí wọ́n lè ràn lọ́wọ́, kí wọ́n dá ẹyọ kan padà.