Owó Ọgbà Pákó ní Ilẹ̀ Olójò: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Akunlé Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, búlọ́ọ̀kù ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń mọ ọgbà yí ilé wọn ká, ṣùgbọ́n pákó kò tíì kúrò níta: ó wà lára ọgbà òdòdó, ọgbà adìyẹ, géètì kékeré, ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn káfíńtà ń kàn mọ́ etí òrùlé. Gbogbo pákó wọ̀nyí ni òjò ń lù láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, ní agbègbè tí òjò ọdún kan sábà máa ń ju mílímítà 1,300 lọ. Bí onílé bá béèrè iye tí kíkùn ọgbà bẹ́ẹ̀ yóò ná òun, ọ̀dọ́ akunlé a máa ka gálọ̀nù ọ̀dà, a fi owó iṣẹ́ lé e, a sì dárúkọ owó. Ìṣirò náà kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé gbígbẹ igi ni ó gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí akunlé kò sì dúró dè kí igi gbẹ ni onílé yóò tún sanwó rẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlagi jáde lè gbé omi tí ó ju ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ gbígbẹ lọ. Bí a bá tò ó sábẹ́ òrùlé, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ là á láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, omi náà yóò máa dínkù títí yóò fi tó nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, èyí tí ó yẹ fún kíkùn. Bí ó bá ń ju ìdá 20 lọ, olú tí ń sọ igi di jíjẹrà rí ibùgbé nìyẹn. Bí akunlé bá fi ọ̀dà bo igi tútù, oòrùn yóò mú omi inú rẹ̀ gbóná, ooru omi náà yóò wá ọ̀nà jáde, yóò sì ti ọ̀dà sókè títí yóò fi lé ròrò bí awọ tí iná jó. Akunlé tí kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn omi inú igi lè gé ègé pákó kan láti inú igi kan náà, kí ó máa gbé e lé òṣùwọ̀n ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta; ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dínkù mọ́ ni igi náà gbẹ dé ibi tí ojú ọjọ́ lè gbẹ ẹ dé.

Ó tún yẹ kí akunlé mọ orúkọ igi tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìrókò àti igi apá lágbára sí òjò àti ikán, ṣùgbọ́n ọkàn igi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ara òde igi tí ó funfun, kódà lára ìrókò, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, owó rẹ̀ kò sì ga, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó sì tètè ń jẹrà, nítorí náà oògùn igi gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ kí ọ̀dà tó kàn án. Ìrókò pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dà olóròóró kan tètè gbẹ, ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi máa ń fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú tínà nù ún kí wọ́n tó kùn ún.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ igi mọ̀ pé òrùlé ni ààbò àkọ́kọ́. Àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba ìlú Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, láàárín 1910 sí 1914, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà títí di òní. Ọgbà kò ní òrùlé, nítorí náà oníṣẹ́ ni yóò ṣe èyí tí ó jọ ọ́ fún un: pákó tí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ni kí ó fi dé orí ọgbà kí omi lè ṣàn sọnù, kí ìsàlẹ̀ pákó sì fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ga kúrò nílẹ̀. Ojú ibi tí ayùn ti gé igi ń fa omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akunlé ń fò. Ó yẹ kí a kun ún léraléra títí kò fi ní fa mọ́, kí a sì kun ẹ̀yìn àti etí pákó kí káfíńtà tó kàn án, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì kò ní dé ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Ìṣó tí síńkì bò ni kí wọ́n lò. Ìṣó lásán yóò dípẹtà, yóò sì fa ìlà pupa wálẹ̀ lára iṣẹ́ tuntun.

Ní ti ohun kíkùn, ọ̀dà olóròóró ń bo ojú igi, ó sì ń dá omi àti oòrùn padà, ṣùgbọ́n bí ó bá bó, a gbọ́dọ̀ há a kúrò kí a tó tún un kùn. Sítéènì, ìyẹn èròjà aláwọ̀ tí ó ń wọ inú iṣan igi dípò kí ó dúró lórí rẹ̀, kì í pẹ́ tó ọ̀dà tí a kùn dáadáa, àmọ́ ṣíṣá ni yóò ṣá, kò ní bó, fífọ̀ àti kíkùn lẹ́ẹ̀kan sí i sì tó fún un. Fánìṣì tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara ni ó burú jù fún ìta, nítorí pé ìtànṣán oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ ba ojú igi jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Fún ọgbà pákó tí òjò ń lù tààrà, sítéènì ni ó sàn jù lójú ẹni tí ó bá ka owó ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ọjọ́ tí a fi ń há ọ̀dà tí ó bó ni owó ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò ọgbà kan fi iye ọ̀dà tí iṣẹ́ ń gbà hàn. Ọgbà tí ó gùn ní mítà 20, tí ó sì ga ní mítà 1.8, ní mítà oníhà mẹ́rin 36 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 72 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti 144 bí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Lítà ọ̀dà kan lè bo nǹkan bí mítà oníhà mẹ́rin 12 lára pákó tí wọ́n ti fá dán, ṣùgbọ́n lára pákó tí ó rí págunpàgun bí ayùn ti fi í sílẹ̀, ó lè má ju 6 lọ. Èyí já sí pé gálọ̀nù mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà mẹ́rin, ni ọgbà dídán yóò gbà, mẹ́fà ni ti èkejì, láì tíì ka praimà, ìyẹn ìkùn àkọ́kọ́ tí ń jẹ́ kí ọ̀dà di igi mú. Akunlé tí kò fi ọwọ́ kan pákó náà kí ó tó dárúkọ owó ti ṣètò láti jẹ gbèsè. Lítà àti ọjọ́ ni kí ó kọ sínú ìwé, kí ó sì fi owó ọjà ọ̀sẹ̀ náà ṣe ìṣirò wọn, nítorí pé owó ọ̀dà kì í dúró lójú kan.

Àsìkò iṣẹ́ ni láti òpin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Eruku ọyẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, nítorí náà ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Bí onílé bá ní dandan àárín òjò ni, ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ lè fúnni láyè fún sítéènì, kì í ṣe fún ọ̀dà. Kí akunlé kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ tí òjò bá dí lọ́wọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìjáfara, kí ó sì gba owó ohun èlò ṣáájú.

Àwọn kan yóò rọ akunlé pé kí ó fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kun igi nítorí pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí ó kọ̀. Ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀dà kankan mú igi náà mọ́, òjò a sì máa fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀, ní ilé tí kànga tí ìdílé ń mu omi rẹ̀ lè wà ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ọgbà. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó fi ìyókù ọ̀dà sílẹ̀ fún onílé nínú agolo tí ó dé pa, kí ó kọ nọ́ńbà àwọ̀ àti ọjọ́ tí a kùn ún sí i lára, kí ó sì padà wá ní oṣù Kọkànlá tí ó tẹ̀lé e láti wo orí òpó, ìdí pákó àti ojú gbogbo ibi tí ayùn ti gé.