ÌJỌ PRESBYTERIAN NÍ CREEK TOWN: SÙÚRÙ AFÚNRÚGBÌN

Ẹ̀kọ́ fún Ọjọ́ Ìsinmi
Kíkà: Máàkù 4:26-29

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìhìnrere fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọdún kan náà ni Ìjọ Presbyterian, ìjọ tí àwọn alàgbà ń ṣàkóso, dé agbègbè Kàlàbá. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú kékeré kan níbẹ̀, Creek Town, tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní Obio Oko.

1. Àwọn tí ó rán iṣẹ́ náà. Láti Jàmáíkà ni wọ́n ti wá. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó gba òmìnira kúrò lóko ẹrú ní 1838 wà lára àwọn tí ó fẹ́ kí ìhìnrere dé ilẹ̀ baba wọn. Alùfáà Hope Waddell ni ó ṣíwájú. Edward Miller, olùkọ́ ọmọ Jàmáíkà, wà lára àwọn tí ó bá a wá.

2. Ọba tí ó gbà wọ́n. Ọba Eyo Honesty Kejì fúnra rẹ̀ a máa túmọ̀ ìwàásù sí èdè Ẹ́fíìkì nínú àgbàlá rẹ̀. Ní 1850, ọba àti àwọn ìjòyè fi òfin de àṣà pípa ẹrú nígbà tí ọlọ́lá bá kú. Síbẹ̀, ọba náà kú ní 1858 láì ṣe ìrìbọmi.

3. Èso. Ọdún méje kọjá kí a tó ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́. Ní oṣù October 1853 ni a ri Esien Ukpabio bọmi. Ní 1872 ó di alùfáà. Májẹ̀mú Titun ti Hugh Goldie túmọ̀ sí Ẹ́fíìkì jáde ní 1862. Ní 1868, Bíbélì odindi pé.

Ẹ̀kọ́ fún wa ní Kàdúná. Oníṣòwò a máa ka èrè ní alẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba a máa retí owó ní ìparí oṣù. Iṣẹ́ Olúwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ka àwọn tí a rì bọmi ní Creek Town ní ọdún kẹfà kò ní rí ẹnì kan. Bí Waddell bá ti dìde lọ nígbà náà, ta ni ì bá ri Ukpabio bọmi? Nítorí náà, bí ọmọ mẹ́ta péré bá wá sí kíláàsì kíka Bíbélì ní èdè wa, kí olùkọ́ má ṣe ti ìlẹ̀kùn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí àwọn ará Jàmáíkà ronú nípa ilẹ̀ baba wọn? Kí ni àwa ń ṣe fún ìjọ ilé?
2. Ọba túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, òun kò wọlé. Ìkìlọ̀ wo ni èyí jẹ́ fún àwa olùkọ́?
3. Iṣẹ́ wo nínú ìjọ wa ni a fẹ́ pa tì nítorí pé èso rẹ̀ pẹ́?