"Tidy" kì í ṣe "mọ́"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, bí a bá pàdé "tidy" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni a kọ́kọ́ fi ń rò ó. A ó ní "propre" ni, a ó sì kọ "mọ́". Kò rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì tí eruku bò, ṣùgbọ́n tí a to ìwé orí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, "tidy" ni, kò mọ́. Yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ rẹ̀, tí aṣọ fọ́n káàkiri orí ibùsùn, ó mọ́, kì í ṣe "tidy". "Rangé" ló sún mọ́ ọn jù. Ní Yorùbá, "wà létòlétò". "Tidy up" ńkọ́? "Palẹ̀ mọ́" bá a mu dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "mọ́" wà nínú rẹ̀.

Láti ara "tide" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nígbà tí "tide" ṣì ń jẹ́ àkókò, kó tó di ọ̀rọ̀ omi òkun. Ohun tó bọ́ sí àkókò ni "tidy" kọ́kọ́ jẹ́, bí "tijdig" ṣe rí nínú èdè Dutch títí dòní. Lẹ́yìn náà ló di ohun tó wà ní àyè rẹ̀. Ní gúúsù Wales, ohunkóhun tó bá ṣáà ti dára ni wọ́n lè pè bẹ́ẹ̀!

Ibi tó léwu jù ni "a tidy sum". Owó tó jọjú ni. Ká ní ìròyìn kan sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba gba "a tidy sum" lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, tí àwa wá kọ "owó tó mọ́", a ti dá a láre kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ilé ẹjọ́.