Ọkọ̀ Akẹ́rù Kọ́ Ló Máa Gbé Ẹ̀rọ Ìgégi Dé Ìṣẹ́yìn

Láti Ṣakí ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ọmọ agégi ló kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé fi ẹ̀rọ ìgégi mẹ́rin sílẹ̀: Stihl 070 méjì, Contra kan, àti ọ̀kan tí orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ fẹ́ pàdé ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n sì ní kó kó tirẹ̀ wá. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ fi kó wọn, pẹ̀lú gẹdú tí wọn yóò fi dán wọn wò lójú èrò, ló wá ń dà á láàmú. Kò tíì kọjá Àgọ́-Àrẹ tí omi rẹ̀ fi hó gbẹ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé kí òun ná owó ọwọ́ òun sórí ọkọ̀ ni, àbí sórí ẹ̀rọ, àbí kí òun kúkú jókòó sílé.

Kó má jókòó sílé. Kó ná owó náà sórí ẹ̀rọ.

Ohun tí kò tíì rò ni bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Orí 070 kan, láìka irin gbọọrọ iwájú rẹ̀ àti ṣéènì, fi díẹ̀ lé ní kílò 10. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Ẹ̀yìn takisí lè gbà wọ́n. Gẹdú ló ń wá ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ìlú tó tóbi tó Ìṣẹ́yìn kò ní ṣàìní sọ́ọ̀mílì tí wọ́n ti lè ra ìtì igi gbígbẹ kan tàbí méjì. Kó tẹ àwọn tó pè é láago, kó ní kí wọ́n bá òun wá igi tíìkì tàbí mẹláínà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gé igi tútù nítorí àpéjọ.

Ní ti ọkọ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí ẹ̀ńjìn tó gbóná, torí omi gbígbóná inú rádíétọ̀ máa ń bó èèyàn lójú. Kó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì náà bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọnú rẹ̀ nìyẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ńjìn ló sì sábà máa ń fà á. Kó pa ọkọ̀ náà tì títí owó yóò fi wà. Bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà omi ló ya tàbí ìdérí rádíétọ̀ ni kò dé mọ́, owó kékeré ni. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ìrìn kúkúrú láàárín ìlú ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò.

Bí ó bá wọ ọkọ̀ èrò, kó gbọn epo inú táǹkì ẹ̀rọ jáde pátápátá nílé, kó má sì gbé bẹntiróòlù kankan dání. Ìṣẹ́yìn ni kó ti rà á, kó pò ó níbẹ̀. Kó yọ ṣéènì kúrò lára ẹ̀rọ, kó la rọ́bà omi àlòkù kan kó fi bo eyín rẹ̀. Kó gba ìwé ìpè lọ́wọ́ àwọn olùpèjọ, kó mú rìsíìtì bàbá rẹ̀ dání bí ó bá ṣì wà. Ojú kò fẹ́ràn ẹ̀rọ ìgégi lójú ọ̀nà wa mọ́, ìdí sì wà fún un. Ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó yí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ká, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ọ sì mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe. Kí ìwé tètè sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó máa ṣàlàyé.

Ẹ̀rọ wàyí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kó má fa okùn èyíkéyìí nínú wọn báyìí. Ẹ̀rọ tó ti jókòó fún ọdún púpọ̀ ti gbẹ nínú, bí wọ́n bá sì fa á lójijì, písítìnì lè ha ara sìlíńdà. Kó yọ pílọ́ọ̀gì, kó kán ọ́ìlì túsítróòkì díẹ̀ sí ojú ihò, kó wá fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ fa okùn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ọ́ìlì náà lè tàn ká. Lẹ́yìn náà, kó tú ṣálẹ́ńsà, kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Písítìnì tó ń dán gérégéré ṣì lè ṣiṣẹ́. Èyí tó ní ojú ìlà gígùn láti òkè délẹ̀ ti jẹra. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò lọ sí Ìṣẹ́yìn fún àwòrán nìkan, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Bẹntiróòlù àtijọ́ máa ń di oje dídì nínú kábúrétọ̀. Kó tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì yẹ awọ pẹlẹbẹ inú rẹ̀ wò: bí awọ náà bá ti le gbagidi, kò lè fa epo mọ́. Awọ yìí, rọ́bà epo àti àsẹ́ inú táǹkì ni kó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ rà. Àwọn 070 tó pẹ́ jù ń lo kọ́ńtáàtì láti ṣáná. Kó fi bébà yíyùn tó kúnná nu ojú rẹ̀. Kí àlàfo ẹnu pílọ́ọ̀gì jẹ́ mílímítà 0.5.

Àṣà fífojú bu ọ́ìlì sínú epo ti pa ẹ̀rọ púpọ̀ ní Òkè-Ògùn. Òótọ́ ni pé 50 sí 1 ni wọ́n ń kọ sára agolo ọ́ìlì òde òní, ṣùgbọ́n fún àwọn àgbà ẹ̀rọ yìí, kó lo 25 sí 1, ìyẹn mílílítà 200 ọ́ìlì nínú lítà 5 bẹntiróòlù. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà jáde nínú mọ́tò kò yẹ ṣéènì rárá. Ẹ̀kúnná irin inú rẹ̀ ń jẹ páńpù, bẹ́ẹ̀ ni kò dára fún awọ ara ẹni tó ń lò ó.

Kó yan ẹyọ kan péré tí yóò dún lójú èrò. Ọ̀pọ̀ 070 àtijọ́ kò ní bíréèkì ṣéènì, Contra náà kò ní in, ariwo wọn sì ń ba etí jẹ́. Kó ta okùn yí ibi iṣẹ́ ká kí èrò lè jìnnà, kí ó sì fi ohun ìdáàbòbò bo etí àti ojú rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yòókù nílò ìtàn ju ariwo lọ, ìwé pélébé kan lórí tábìlì sì tó. Lọ́dún 1926 ni Andreas Stihl bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Stuttgart, ní Jámánì. Ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ alábẹntiróòlù ti ọdún 1929 wúwo tó kílò 46, èèyàn méjì ló sì ń gbé e. Contra jáde lọ́dún 1959, 070 tẹ̀ lé e lọ́dún 1968. Ṣéènì tí gbogbo ayé ń lò lónìí wá láti orí ìdin: Joseph Cox, agégi ní Oregon ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí bí ìdin kan ṣe ń jẹ igi sọ́tùn-ún sósì, ó sì ṣe eyín ṣéènì tó fara jọ ẹnu rẹ̀, tó kó jáde tà lọ́dún 1947. Kó kọ ti ilé náà pẹ̀lú. Kí ẹ̀rọ tó dé, èèyàn méjì ló ń fi ayùn gígùn la pákó, ọ̀kan lórí ìtì igi, èkejì nínú kòtò. Kó kọ irú igi tí bàbá rẹ̀ là, apá, àyìn, ìrókò, àti oko tó ti gé wọn. Kó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹ̀rọ kan náà yìí, pẹ̀lú òwò èédú, ló sọ púpọ̀ nínú ọ̀dàn wa di pápá gbalasa. Àwọn ọmọdé tó bá wá wòran ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìhà méjèèjì.

Ìbéèrè rẹ̀ tó kẹ́yìn ni pé ṣé kí òun kùn wọ́n ní ọ̀dà tuntun. Rárá. Kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó, kó sì rọra nu ibi tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà. Èyí tí orúkọ ara rẹ̀ ti parẹ́, kó gbé e dé bẹ́ẹ̀, kó tú ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn àgbà agégi tó bá péjọ, ẹnìkan lè fi ojú kábúrétọ̀ àti ihò pílọ́ọ̀gì rẹ̀ dá a mọ̀.